Ìdá mélòó, nínú ènìyàn mélòó?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Láti Àjàṣẹ́ ni a ti ń kọ̀wé sí yín, lórí bí a ṣe ń kọ iye àti ìdá nígbà tí a bá ń ròyìn ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Kì í ṣe ìwé ìròyìn tiyín nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Rédíò ń ṣe é, àwọn tó ń gbé ìròyìn ká lórí fóònù ń ṣe é, ìròyìn èdè Faransé tí a sì ń tú sí Yorùbá ti máa ń wọ́ kó tó dé ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ ní èdè tí ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Ouando gbọ́ yékéyéké. Ọ̀rọ̀ yín ni yóò gbé yẹ̀ wò kó tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó tó ju oògùn rẹ̀ nù, òun náà ni yóò sì máa rò lóru ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ bá jáde.

Bí ẹnìkan bá sọ fún ìyá yìí pé owó nǹkan ti di ìlọ́po méjì, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: eélòó ni tẹ́lẹ̀? Ìṣáná tó kúrò ní fáránkì 25 tó di 50, ìlọ́po méjì ni. Àpò ìrẹsì tó kúrò ní 20,000 tó di 40,000, ìlọ́po méjì náà ni. Kò ní sunkún nítorí ìṣáná. Ṣùgbọ́n tí ìròyìn bá ní oògùn kan sọ ewu àrùn kan di ìlọ́po méjì, kò sí ẹni tó ń kọ iye tẹ́lẹ̀ síbẹ̀ fún un, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ bóyá ti ìṣáná ni tàbí ti ìrẹsì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ààbò oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró kan, tó jẹ́ tuntun nígbà náà, ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Kíá ni ìròyìn gbé e ká pé ewu fi ìdá 100 nínú 100 pọ̀ sí i. Iye tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí: nínú obìnrin 7,000 tó ń lo oògùn ti tẹ́lẹ̀, ẹnì 1 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lára, nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ẹni 2. Ọ̀pọ̀ obìnrin da oògùn nù láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bí 13,000 pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ oyún níní fúnra rẹ̀ ń fa kí ẹ̀jẹ̀ dì ju oògùn yẹn lọ. Ẹni tó kọ ìlọ́po méjì kò parọ́. Ó kàn fi 1 àti 2 pamọ́, ó gbé 100 jáde.

Ní èdè tiwa, ọ̀fìn mìíràn tún wà níbẹ̀ tí èdè Faransé kò ní, a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ó pẹ̀lú wa. Tí a bá wí pé “ìdámárùn-ún”, ohun tí etí Yorùbá gbọ́ ni ohun kan tí a pín sọ́nà márùn-ún, tí a sì mú ọ̀kan níbẹ̀: 20 nínú 100 nìyẹn. Ṣùgbọ́n “ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún” kò ju 5 lọ. Olùka-ìròyìn tó ń sáré, tó gé “nínú ọgọ́rùn-ún” kúrò kí ọ̀rọ̀ lè kúrú, ti sọ 5 di 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ìwé, àlàfo kékeré kan láàárín ọ̀rọ̀ méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí rédíò, àlàfo yẹn gan-an kò sí. Ìdámẹ́rin jẹ́ 25 nínú 100, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 4. Ìdámẹ́wàá nìkan ni méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba, bóyá nítorí pé ìdámẹ́wàá ló mọ́ wa lẹ́nu jù ni a kò ṣe fura sí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì tún wà: “ní” àti “sí”. Tí ìròyìn Faransé bá ní ewu “a baissé de 30 %”, ohun tó jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀ ti di 70. Tó bá ní “à 30 %”, ó ti di 30. Ní Yorùbá, èkíní ni “ó dín kù ní ìdá 30 nínú 100”, èkejì ni “ó dín kù sí 30 nínú 100”. Nínú ọmọ 1,000 tí ìbá ṣàìsàn, 700 ni yóò ṣì ṣàìsàn nínú ti èkíní, 300 nínú ti èkejì. Ọmọ 400 ló wà láàárín “ní” àti “sí”. Kí ẹni tó ń tú ìròyìn má fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lóru.

Ẹ tún ṣọ́ àmì inú iye. Nínú ìwé Faransé, kọ́mà ló ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà rẹ̀: “31,2 %” jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Nínú ìwé tó wá láti Nàìjíríà, àmì tóótó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kọ́mà sì wà fún ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìròyìn láti ìhà méjèèjì ààlà, “1,774” lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò pé méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì máa yí gbogbo iye sí i kó tó wọ ìwé.

Iye 1,774 yẹn, kì í ṣe ọwọ́ òfìfo ni a ti mú un. Láti inú ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ló ti wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló sì mú wa gbé kálámù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, abẹ́rẹ́ 215,900 gúnlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Liberia àti Sierra Leone. RTS,S ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ pé “ìdá 36 nínú 100 péré ló ń ṣiṣẹ́”, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ pé nínú ọmọ 100 tí a bá gún, 64 ni a kàn fi abẹ́rẹ́ dá lóró lásán. Ìtumọ̀ yẹn kò tọ̀nà rárá.

Ìwádìí RTS,S tó tóbi jù, tí èsì ìkẹyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, kó ọmọ 15,459 jọ ní orílẹ̀-èdè méje: Burkina Faso, Gabon, Ghana, Kenya, Malawi, Mozambique àti Tanzania. Lára àwọn tó jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye ìgbà tí ibà mú wọn láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin fi ìdá 36 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ náà. Iye ìgbà tí ibà mú wọn ni wọ́n kà. Wọn kò ka iye ọmọ. Ọmọ kan lè ní ibà lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́rin. Tí abẹ́rẹ́ bá sọ mẹ́fà di mẹ́rin, ọmọ yẹn ṣì ní ibà, abẹ́rẹ́ sì ti ṣe iṣẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi kọ iye kejì, èyí tí a kì í sábà rí nínú ìwé ìròyìn: lára ọmọ 1,000 tó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà 1,774 ni ibà ìbá mú wọn tí kò mú wọn mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò ní àṣìkọ ni. Báwo ni 1,774 ṣe jáde lára ọmọ 1,000? Ká fi iye tó rọrùn ṣe é. Ká ní ọmọ 1,000 wà ní agbègbè kan, kí ibà máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìgbà 2,000 lọ́dún, ìgbà 8,000 lọ́dún mẹ́rin. Ìdá 36 nínú 100 lára 8,000 jẹ́ 2,880. Ìgbà 2,880 tí ìyá kò ní gbé ọmọ gun zémì (ọ̀kadà) lóru, tí kò ní pàdánù ọjọ́ ọjà, tí kò ní ra oògùn. Ẹ wá lọ sí agbègbè mìíràn tí ibà kì í mú ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mẹ́rin: 1,000 ni àpapọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan náà yóò dènà 360. Ìdá náà kò yí padà, iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú ni ó yí padà. Ohun tó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera ní Kétu tàbí Pobè mọ̀ ni iye ìgbà tí ibà ń mú ọmọ lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó tó lè sọ ohun tí 36 jẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ibà kejì náà ti dé, R21 ni wọ́n ń pè é. Ìròyìn ní tirẹ̀ ń dènà ìdá 75 nínú 100, àwọn ènìyàn sì fi 75 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 36, wọ́n ní wọ́n fún wa ní èyí tí kò dára tó. Kí a tó fi iye méjì wé ara wọn, ó yẹ kí a wo bóyá òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. 75 jẹ́ ti oṣù 12, ní àwọn ibi tí ibà ti ń wá ní àkókò òjò, tí wọ́n sì gún ọmọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ibi tí ibà kì í ti í tán lọ́dún, 68 ni. 36 jẹ́ ti ọdún mẹ́rin, agbára abẹ́rẹ́ sì máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. RTS,S náà dènà nǹkan bí ìdajì lọ́dún àkọ́kọ́. Kò tíì sí ìwádìí tó gún ọmọ ibì kan náà ní méjèèjì láti fi wọ́n wé ara wọn nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí R21 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ náà sì sọ pé òun kò rí ẹ̀rí pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ iye méjèèjì sójú ìwé kan, ẹ kọ “láàárín oṣù mélòó” sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni.

Iye kékeré náà lè tan ènìyàn jẹ bí iye ńlá ṣe ń tan ni. Ní ìparí ọdún 2020, nígbà tí èsì abẹ́rẹ́ Kòrónà ti Pfizer jáde, gbogbo ayé gbọ́ ìdá 95 nínú 100. Ẹni 162 ló ní àrùn náà lára nǹkan bí 18,000 tí wọ́n gún ní omi lásán. Ẹni 8 ló ní in lára nǹkan bí 18,000 tó gba abẹ́rẹ́. Ẹ pín 8 sí 162, ẹ ó rí 5 nínú 100. 95 yòókù ni abẹ́rẹ́ gbé kúrò. Àwọn kan kà á pé nínú 100 tó bá gba abẹ́rẹ́, 5 ni yóò ṣàìsàn. Àṣìṣe ni: 8 nínú 18,000 kò tó 1 nínú 2,000. Àwọn mìíràn, tí wọn kò fẹ́ abẹ́rẹ́, gba ọ̀nà kejì. Wọ́n ní láìsí abẹ́rẹ́, ẹni tó ní àrùn kò tó 1 nínú 100, nítorí náà abẹ́rẹ́ kò dènà ju ohun tí kò tó 1 nínú 100. Ìṣirò wọn péye. Ohun tí wọn kò sọ ni pé nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Tí ẹ bá ka òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ lè sọ pé kò sí òjò ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá kọ iye ènìyàn láìkọ àkókò ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí èsì àyẹ̀wò, nítorí àwọn dókítà pàápàá ń ṣì í níbẹ̀. Ní Jámánì, Gerd Gigerenzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi dókítà 160 tó ń tọ́jú àìsàn àwọn obìnrin ní ìbéèrè kan. Nínú obìnrin 100, ẹnì 1 ló ní jẹjẹrẹ ọmú. Tí obìnrin bá ní in, àyẹ̀wò yóò rí i ní ìgbà 90 nínú 100. Tí kò bá ní in, àyẹ̀wò yóò ṣì í mú ní ìgbà 9 nínú 100. Obìnrin kan ṣe àyẹ̀wò, èsì ní ó wà: báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ó ní in lóòótọ́? Ó ju ìdajì àwọn dókítà náà lọ tó mú 81 tàbí 90 nínú 100. 21 péré nínú 100 wọn ló dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Àtẹ àti ẹ̀wà ni ẹ ó fi rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀wà 1,000 sórí àtẹ, kí 990 jẹ́ funfun, kí 10 jẹ́ pupa. Àwọn pupa ló ní àrùn. Àyẹ̀wò mú 9 lára pupa, 1 bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lára funfun 990, ó ṣì 89 mú, nítorí 9 nínú 100 ni. Ẹ da gbogbo èyí tó mú sínú abọ́ kan: ẹ̀wà 98. Ẹ wo inú abọ́ náà. Funfun ló gba ibẹ̀ kan, ẹ ó máa fi ìka wá pupa 9 láàárín wọn. Obìnrin tí èsì rẹ̀ ní “ó wà” jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀wà inú abọ́ yẹn, kò sì tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ pupa. Ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn dókítà yẹn láti máa fi iye ènìyàn ṣírò bẹ́ẹ̀, 87 nínú 100 wọn ló dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Ẹ tún àtẹ náà tò. Kí pupa jẹ́ 300, kí funfun jẹ́ 700, bí ó ṣe lè rí nílé ìwòsàn tó jẹ́ àwọn tí ara wọn kò yá tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá síbẹ̀. Àyẹ̀wò mú pupa 270 àti funfun 63. Nínú abọ́ ẹ̀wà 333, pupa ti lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kan náà ni, ẹni kan náà ló ń lò ó. Nítorí náà, tí ìròyìn bá ní wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò tuntun “tó péye ní ìdá 90”, tàbí 99, ìbéèrè yín ni: lára àwọn wo? Àyẹ̀wò tó ṣe dáadáa lára àwọn aláìsàn tó kún ilé ìwòsàn ńlá kan ní Yúróòpù lè kó ìpayà bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Sakété tí ara wọn le, tí wọ́n kàn ní kí gbogbo ìlú wá ṣe é.

“Iye ẹni tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún” náà ń yọ wá lẹ́nu, pàápàá nínú ìròyìn jẹjẹrẹ. Ọkùnrin méjì ni jẹjẹrẹ kan náà pa ní ẹni ọdún 70. Wọ́n rí ti èkíní nígbà tó pé 67, kò lo ọdún márùn-ún. Wọ́n fi àyẹ̀wò rí ti èkejì ní ẹni 60, ó lo mẹ́wàá. Ìròyìn yóò ní àyẹ̀wò mú èkejì yè ju èkíní lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún tí wọ́n lò láyé kò yàtọ̀. Ọdún tí èkejì fi mọ̀ pé òun ní àrùn ló gùn. Ní ọdún 2007, Rudy Giuliani tó ń wá ipò ààrẹ ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ yìí polongo: 82 nínú 100 ń yè nínú jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọkùnrin (prostate) ní Amẹ́ríkà, 44 péré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye ọkùnrin tí àrùn náà ń pa lọ́dún nínú 100,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àyẹ̀wò, iye òkú ni kí ẹ béèrè.

Ìwádìí kékeré náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìròyìn láti Marseille ní ilẹ̀ Faransé dé gbogbo ilẹ̀ tó ń sọ Faransé pé oògùn hydroxychloroquine ń lé Kòrónà lọ: 70 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà lọ́jọ́ kẹfà. 70 nínú 100 yẹn jẹ́ ènìyàn 14 nínú 20. Ènìyàn 26 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Àwọn 6 tí wọ́n yọ kúrò nínú ìṣirò, 3 lára wọn ni wọ́n gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọ̀ lára, 1 kú, 1 fi oògùn sílẹ̀ nítorí èébì ń gbé e, 1 kúrò nílé ìwòsàn. Kò sí oògùn tí kò ní dára tí a bá yọ ẹni tó kú kúrò nínú àwọn tó lò ó. Ìwádìí ńlá tí wọ́n wá ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ènìyàn 1,561 ní oògùn náà, 421 kú láàárín ọjọ́ 28. Wọn kò fún 3,155, 790 kú. Ìyẹn 27 nínú 100 pẹ̀lú 25 nínú 100. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó fa ìwádìí Marseille yẹn kúrò nínú ìwé tó gbé e jáde. Iye inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á láti ọjọ́ kìíní.

Lọ́dún 2015, John Bohannon, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìwádìí burúkú kan láti fi hàn bí èyí ṣe rọrùn tó: ènìyàn 15, ohun 18 tí wọ́n wọ̀n lára wọn, ìyókù kí èèṣì ṣe é. Ó ní ṣokoléètì ń mú ènìyàn fọn. Ìwé ìròyìn Bild ní Jámánì gbé e. Ẹni tó ju òkò 18 sí igi máńgòrò, tó wá gbé ọ̀kan tó já hàn pé ọwọ́ òun tọ́, ohun tó ṣe nìyẹn. Tí ohun kọ̀ọ̀kan bá ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan nínú 20 láti bọ́ sí i lásán, nínú 18, nǹkan bí ìgbà 60 nínú 100 ni ó kéré tán ọ̀kan yóò bọ́ sí i.

Ọ̀kan tó sún mọ́ ilé jù ni ti fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn dókítà ń pè ní drépanocytose. Ìròyìn máa ń kọ ọ́ pé tí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, “ọmọ kan nínú mẹ́rin yóò jẹ́ SS”. Àwọn tọkọtaya tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS kà á pé àwọn ti san gbèsè, mẹ́ta tó kù ti yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú owó ẹyọ fáránkì 100 méjì, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Ojú tí wọ́n ya ẹja sí ni S, ojú kejì ni A. Ẹ ju méjèèjì sókè: tí ẹja méjì bá yọ, SS ni. Owó kò rántí ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan tó kọjá, oyún náà kò rántí. Tí a bá kó ìdílé 256 jọ tí gbogbo òbí wọn jẹ́ AS, tí oníkálukú bí mẹ́rin, ìṣirò ní nǹkan bí 81 nínú wọn kò ní ní ọmọ SS kankan, 108 yóò ní ọ̀kan, 54 yóò ní méjì, 12 yóò ní mẹ́ta, ìdílé 1 yóò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ “nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin”. Ìdílé wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ìròyìn ìwádìí oògùn kankan má ṣe jáde láìsí iye márùn-ún: mélòó ni wọ́n fún, mélòó nínú wọn ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí, mélòó ni wọn kò fún, mélòó nínú wọn, láàárín àkókò wo. Tí ìwé tí ilé iṣẹ́ oògùn fi ránṣẹ́ kò bá ní in, ẹ wá àkótán ìwádìí náà. Kì í gba owó láti kà á kódà nígbà tí wọ́n bá ń ta odidi rẹ̀, inú rẹ̀ ni iye sì máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí 1,000: ẹ pín iye tó ṣẹlẹ̀ sí nípa iye gbogbo wọn, ẹ sọ èsì di ìlọ́po 1,000. Ẹ má lo 100 fún ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ lo 1,000 fún èkejì, nítorí ojú á rò pé 9 nínú 1,000 ju 3 nínú 100 lọ.

Àpẹẹrẹ bí yóò ṣe rí nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìròyìn kárí ayé ní oògùn dexamethasone dín ikú Kòrónà kù ní ìdámẹ́ta. Ẹni tó ń húkọ́ nílé lè ka ìyẹn kó lọ ra á. Bí a ó ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Nínú aláìsàn 1,000 tí ẹ̀rọ ń bá mí, 414 ló kú láàárín ọjọ́ 28 láìsí oògùn yìí, 293 ló kú nígbà tí wọ́n fún wọn. Nínú 1,000 tó ń gba ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ, 262 kú láìsí oògùn, 233 pẹ̀lú rẹ̀. Nínú 1,000 tí kò nílò ọ́síjìn, 140 kú láìsí oògùn, 178 kú pẹ̀lú rẹ̀: kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó pa wọ́n lára.”

Ìlà mẹ́ta ni, kò gba àyè ju àwòrán kan lọ. Tí ìròyìn kan bá ní iye tó rú yín lójú, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kó tó wọlé ìtẹ̀wé. A ó bá yín kà á, a ó sì dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. A kò ní gba kọ́bọ̀.

Àwa olùkọ́ ìṣirò àti òṣìṣẹ́ ìlera,
Àjàṣẹ́.